Ọjọ́ Tí Bámikẹ́ Jẹun Níbi Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Bí ẹ bá pàdé Bámikẹ́ Adégbóyè ní ìgboro Ayétòrò, ẹ ò ní gbà pé ọ̀rọ̀ lè wọ́n obìnrin yìí láyé. Òun ni yóò kí yín láti òdìkejì títì, yóò béèrè àwọn ará ilé, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́dún tó kọjá, ọlọ́kadà yóò sì máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi sú u. Nígbà tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé aládàáni kan nínú ìlú náà, ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́yìn ọgbà. Àwọn obìnrin náà ti há ìsọdipúpọ̀ eéje sórí láìjẹ́ pé wọ́n san owó ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé àga kan ṣoṣo sí àárín yàrá. Ẹ fi tábìlì gígùn síwájú rẹ̀, kí àwọn èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì náà pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́, kí wọ́n wá ní kí Bámikẹ́ jókòó kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ahọ́n rẹ̀ yóò gbẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, gbogbo ohun tó mọ̀ yóò sì fò lọ. Èmi ò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó fẹ́ dájọ́ olè.

Ní báńkì kan ní Ìlaró, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ. Ní ilé-ìwé ńlá kan l'Ábẹ́òkúta, ó kí wọn pé ẹ káàsán, ó jókòó, ó tún dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tó kàn ń mi orí ṣáá, tí ẹni tó ń bi í léèrè fi rò pé odi ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sunkún gidi.

Nathaniel ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ibese, ti mọ ohun tí yóò ṣe. Bó bá ti rí ojú ìyàwó rẹ̀ ní gáréèjì, kì í béèrè nǹkan kan. Yóò gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ra ìpékeré fún un, wọn yóò sì máa lọ sílé. Ọkọ gidi ni, ṣùgbọ́n Bámikẹ́ ti wá kórìíra ìpékeré náà.

Nígbà tó di ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kọjá ẹkún. Màmá tó ni ilé-ìwé tí Bámikẹ́ ń kọ́ ti dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn l'Ékòó. Bí táàmù bá ti parí, ilé-ìwé yóò tì. Ẹ̀gbọ́n Bámikẹ́, ìyẹn ẹni tó ya orúkọ rẹ̀ lò ní báńkì, ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Agége, ó sì ti ń pè é pé kó máa bọ̀ wá bá òun tà á. Ìyẹn ni pé Nathaniel yóò wà nídìí tírélà, Bámikẹ́ yóò wà l'Ékòó, Ẹ̀ríolúwa ọmọ wọn yóò sì máa rí ìyá rẹ̀ bí ẹni ń rí àlejò. Bámikẹ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kan ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò máa gbé ìwé wọn kiri àwọn ilé-ìwé, láti Ìlaró dé Ìmẹ̀kọ, títí kan Ìdí-Ìrókò. Ẹni náà yóò máa gbé ní agbègbè wa níbí. Ìwé ilé-iṣẹ́ yìí ni Bámikẹ́ fi kọ́ A, B, D nígbà tó wà lọ́mọdé, òun náà ló sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlaró.

Kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oúnjẹ kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ tẹ̀lé tírélà lẹ́yìn láti ojú ọ̀nà, nígbà tó sì máa bọ́ sílẹ̀ ní Ìlaró, bàtà dúdú tó kùn lálẹ́ àná ti di pupa fún eruku. Ó fi etí ìró nù ún, ó gbàdúrà díẹ̀, ó wọlé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ jókòó sí. Gideon ni ẹni àkọ́kọ́ tí Bámikẹ́ bá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Póólì, tó wọ kóòtù nínú ooru, tó ń sọ òyìnbó sínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Èkejì ni Mẹ̀dínátù, ìyá kan láti Ìdí-Ìrókò létí bọ́dà, tó jókòó bí ẹni wà nílé rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bonjour, àbúrò mi," Mẹ̀dínátù kí i. "Má fajú ro báyẹn. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n."

Wọ́n pe Gideon. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ apá.

"Wọ́n ní kí n dárúkọ ìwé wọn tí mo fẹ́ràn jù," ló wí. "Mo dárúkọ rẹ̀, mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo tún yìn ín. Ìgbà tí mo ṣe tán ni wọ́n sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló tẹ̀ ẹ́."

Mẹ̀dínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gideon náà wá rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì wọ́n, ó gba ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n pe Mẹ̀dínátù fúnra rẹ̀, kò pẹ́ tó fi padà dé.

"Wọ́n ní kí n ta ìwé kan fún àwọn. Mo tà á. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí ló dé tí òun fi ní láti rà á. Mo ní ọ̀gá, bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́." Ó na ọwọ́ sókè. "Bí a ṣe ń sọ ọ́ ní bọ́dà nìyẹn! Mo gbàgbé pé kì í ṣe tèmi ni ìwé náà."

Bámikẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, obìnrin kan jáde láti inú yàrá, ó sọ fún àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àwọn fẹ́ jẹun ọ̀sán ná, ẹni tó kù kó ní sùúrù. Gideon àti Mẹ̀dínátù, tí tiwọn ti parí, kí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bámikẹ́ padà dé, kò bá ẹnì kankan. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ti pè é, kò sì jẹ́. Ó sáré kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé, òórùn ata àti irú ti gba gbogbo yàrá. Obìnrin tó jáde lẹ́ẹ̀kan, Ìyáàfin Afeezat, wà ní apá kan tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, ọkùnrin sísanra kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, wà ní apá kejì. Ewé kẹta wà láàárín wọn, wọ́n ti tú u, ṣíbí wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sídìí rẹ̀.

Bámikẹ́ kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ìyáàfin Afeezat, bí gbogbo ọmọ Yorùbá yóò ti ṣe bí àlejò bá bá a nídìí oúnjẹ, dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹun."

Ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ọ́n. Á gba ibi ire, ìwọ̀nba rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń jẹun yóò máa jẹ tirẹ̀, ẹni tó bá a yóò padà sẹ́yìn lọ dúró. Bámikẹ́ ya ẹnu láti sọ ọ́. Kò jáde. Tábìlì ló rí, àti àga kan ṣoṣo ní àárín yàrá, ẹnu rẹ̀ sì ti kú bó ṣe máa ń kú.

Ìyáàfin Afeezat rò pé kò gbọ́ ni. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. "Mo ní ẹ wá jẹun o!"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ìyá àgbà kan ní Ìmẹ̀kọ ló tọ́ Bámikẹ́ dàgbà, ìyá ìyá rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ìpè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀yẹ lásán, o ó dúpẹ́, o ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kúrò ní ẹ̀yẹ. Bí o bá kọ̀ ọ́, o ti sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé o ń fura sí oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ti na Bámikẹ́ nítorí èyí rí. Nítorí náà, kí orí rẹ̀ tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rìn. Ó fi omi inú ike ṣan ọwọ́, ó jókòó sídìí ewé kẹta, ó sì mú ṣíbí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé ya ẹnu, ó tún pa á dé. Òun àti Ìyáàfin Afeezat wo ara wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ta ni ó lè pe èèyàn wá jẹun lẹ́ẹ̀mejì, kó wá ní kó fi ṣíbí sílẹ̀? Bámikẹ́ kò wojú wọn. Ó kó ìrẹsì sẹ́nu. Ebi tó ti ń pa á láti àárọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ wá jí, ata náà sì ta létè dáadáa. Ó tún kó òmíràn.

"Ẹ ti rin ọ̀nà jíjìn?" Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé béèrè, kí yàrá má baà dákẹ́ jù.

"Ayétòrò ni mo ti wá, sà," Bámikẹ́ dáhùn. "Tírélà ló ṣíwájú wa. Ẹ wo bàtà mi."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó yà á lẹ́nu. Ó tún ṣe é wò. Ó sọ fún wọn nípa eruku ọ̀nà náà, ó ní gbogbo ìwé ọmọ àwọn ló ń di pupa àfi èyí tí òbí bá fi àpò sìmẹ́ǹtì bò. Ìyáàfin Afeezat béèrè bí wọ́n ṣe ń fi àpò sìmẹ́ǹtì bo ìwé. Bámikẹ́ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọn àpò náà, tí wọ́n ń yọ ti inú rẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sétí. Lẹ́yìn náà ló kan bàbá ìbejì kan nítòsí Ìgan-Aládé. Ìwé kíkà kan ṣoṣo ni bàbá yìí rí rà fún ọmọ méjì. Ó mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì gbọọrọ. Táyé gba apá iwájú, Kẹ́hìndé gba apá ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, Táyé kò mọ bí ìtàn kankan ṣe parí," ni Bámikẹ́ wí, ó ń ki ẹyin bọ ata. "Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ mọ ìparí gbogbo wọn, kò mọ ohun tó fà á. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, Táyé á dìde, á sọ tirẹ̀ dé ìdajì, á jókòó. Kẹ́hìndé á wá dìde, á gbà á!"

Ìrẹsì gba ọ̀nà òdì lọ́fun Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé. Ìyáàfin Afeezat ń gbá a lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Bámikẹ́ náà sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bu omi fún un. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ọkùnrin gíga kan ló wọlé, irun rẹ̀ funfun, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà Oyèkúnlé ni, ọ̀gá àwọn tó ń rí sí títa ìwé ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó wá láti Ìbàdàn láti yan ẹni tí wọn yóò gbà. Ó wo tábìlì. Ó wo ewé àárín, níbi tó ku ìdajì ẹyin àti ata díẹ̀ létí.

"Afeezat," ló wí, "oúnjẹ mi dà?"

Bámikẹ́ gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò tíì wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó wà lórí eékún kó tó mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé ṣàlàyé pé àwọn ló pè é. Ìyáàfin Afeezat ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun pè é, sà.

Alàgbà Oyèkúnlé fi fóònù sápò. "Ẹ dìde," ló wí. "Oúnjẹ ti wọlé, a ò lè ní kó jáde mọ́. Ata wọn dùn?"

"Ó dùn, sà," ni Bámikẹ́ wí.

"Ó dára. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìta. Ṣùgbọ́n intafíù kò tíì bẹ̀rẹ̀." Ó fa àga tirẹ̀ mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ sí àga kan ṣoṣo tó wà ní àárín yàrá. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, kí ẹ sọ fún wa irú ẹni tí ẹ jẹ́."

Ó jókòó. Àwọn mẹ́ta wà lẹ́yìn tábìlì, òun nìkan wà níwájú. Bíírò jáde. Ahọ́n rẹ̀ sì gbẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbẹ ní báńkì, bó ṣe gbẹ l'Ábẹ́òkúta. Kò rí Táyé, kò rí Kẹ́hìndé, kò tilẹ̀ rí Ayétòrò mọ́. Ó rí gáréèjì, ó rí Nathaniel tó ń gba báàgì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó rí ṣọ́ọ̀bù Agége. Ìbínú wá gba ẹ̀yìn ẹ̀rù jáde sí i, ìbínú sí ara rẹ̀ àti sí àga yẹn. Ó dìde. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé rò pé ó fẹ́ máa lọ, ojú rẹ̀ sì fà ro. Bámikẹ́ kò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àga náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyáàfin Afeezat, ó sì jókòó.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Bí mo bá jókòó sọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ẹnu mi á kú. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibí sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé rẹ́rìn-ín. Alàgbà Oyèkúnlé kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àga rẹ̀ kó lè kọjú sí i.

"Ìyàwó," ló wí, "kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó máa jẹ́ kí ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ jókòó. Òmíràn á fi yín dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn. Kò ní fún yín lóúnjẹ, kò ní rẹ́rìn-ín, á ní òun ò ra ìwé. Kí lẹ máa sọ fún un?"

Bámikẹ́ gbójú sókè wò ó. Kò sí irọ́ tó wá sí i lọ́kàn, bó bá sì wá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

"N ò mọ ohun tí mo máa sọ, sà. Ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu mi má là rárá lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n màá padà lọ." Ó mí. "Intafíù karùn-ún mi rèé. Nínú mẹ́rin tó kọjá, n ò lè sọ ọ̀rọ̀ gidi kan. Kò sí èyí tí n ò sunkún sí. Mo sì tún wọ ọkọ̀ wá lónìí."

Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Alàgbà Oyèkúnlé ní kó máa lọ sílé, pé wọn yóò pè é.

Ní gáréèjì Ayétòrò, Nathaniel na ọwọ́ sí báàgì. Kò rí báàgì gbà. Bámikẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa, ó sì ń sọ ọ́ lọ láti gáréèjì dé ẹnu ọ̀nà ilé, láti orí ata dé orí ṣíbí, dé orí irun funfun Alàgbà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè oúnjẹ, Nathaniel jókòó sórí àkàsọ̀, ó di ikùn mú. Ó pẹ́ kó tó lè béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

"Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"N ò mọ̀," Bámikẹ́ wí. "Mo jẹ oúnjẹ ọ̀gá wọn, mo gbé àga wọn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ta ló máa gba irú wa? Ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀, Bàbá Ẹ̀rí. Mo sọ̀rọ̀ gan-an."

Ọ̀sẹ̀ náà lọ, òmíràn tún tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Agége, ó ní òun ti fọ yàrá tó máa sùn sí. Bámikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni fóònù dún. Òun àti Nathaniel jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè ké sókè, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.

"Ṣé Ìyáàfin Bámikẹ́ Adégbóyè nìyẹn? Oyèkúnlé ni o, láti ilé-iṣẹ́ ìwé. Mo pè láti sọ fún yín pé ẹ̀yin la gbà. Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, títí dé bọ́dà, ọwọ́ yín ló wà. Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

Bámikẹ́ ya ẹnu. Ẹ̀wà ń bọ́ láàárín ìka rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí ohùn níbẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀. Nathaniel ń tì í léjìká, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Alàgbà gbọ́ bí Bámikẹ́ ṣe ń fa imú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Á à, mo ti mọ̀. Bí kò bá tíì jáde, ẹ má fipá mú un. A ti gbọ́ yín ní Ìlaró."

Fóònù ti kú tán kí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí fún ọkọ rẹ̀.